Ilẹ̀kùn tí a ṣí fún Mali, tí a tì mọ́ Niger

Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà ni mo fi kọ èyí. Mo yọ ibi tí mo ti ń wúkọ́, mo yọ ibi tí gbohùngbohùn ti dákẹ́. Àwọn tí mo fọ̀rọ̀ gún lára, mi ò yọ wọ́n.

Alága, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ní kí ẹ wá kún àga, mo kí yín. Ẹ kọ́kọ́ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọkùnrin tó ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé. Ọ̀rọ̀ iná ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Tí iná bá wá lọ mọ́ mi lẹ́nu, ẹ ó ní mo ti bá a sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni.

Ìjìyà tí ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà, fi lé Niger lórí ni mo bá wá. Ẹ rántí ọdún 2023. Ní 26 July, àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ ní Niamey, olú-ìlú Niger, ti Ààrẹ Mohamed Bazoum mọ́ inú ilé tí wọ́n ní kí wọ́n máa ṣọ́ fún un. Nígbà tó fi máa di 28 July, olórí ẹ̀ṣọ́ náà, Ọ̀gágun Abdourahamane Tchiani, ti jókòó sórí tẹlifísọ̀n, ó lóun lolórí orílẹ̀-èdè. Ajá tí wọ́n ní kó ṣọ́lé ló bu onílé jẹ. Mi ò ní fi àkókò yín ṣòfò lórí ìdí tó fi ṣe é, torí ìdí tí ológun máa ń kà sí wa létí kì í yàtọ̀: ààbò ò sí, ìjọba ń jalè, ìyà ń jẹ mẹ̀kúnnù. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ orin ológun lórí rédíò láàárọ̀ kùtù rí, ẹ mọ ìyókù.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò gbè sẹ́yìn Tchiani. Bazoum ni wọ́n dìbò yàn. April 2021 ló gorí àlééfà, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí ààrẹ tí wọ́n dìbò yàn yóò gbé ìjọba fún ẹlòmíràn tí wọ́n dìbò yàn ní Niger láti 1960 tí wọ́n ti gbòmìnira. Ẹni tó bá kúrò níbí tó lọ ń sọ pé mo ní ìjọba ológun dáa, orúkọ ara rẹ̀ ni kó fi sí i.

Ní 30 July, àwọn olórí ECOWAS pé jọ sí Abuja. Ààrẹ wa Tinubu ò tíì lò tó oṣù kan lórí àga alága. 9 July ni wọ́n fi í jẹ ẹ́ ní Bissau. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ènìyàn jẹ baálẹ̀, tí ìjà sì ṣẹlẹ̀ lọ́jà lọ́jọ́ kẹta. Ohùn rẹ̀ máa ń ga ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n fún Tchiani ní ọ̀sẹ̀ kan kó dá Bazoum padà, wọ́n ní bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, gbogbo ọ̀nà tó bá yẹ làwọn ó gbà, títí kan agbára. Wọ́n ti ẹnubodè ilẹ̀ àti ti òfuurufú. Wọ́n dá òwò dúró. Wọ́n de owó Niger mọ́lẹ̀ ní báńkì. Wọ́n sì ní kí iná dúró.

Iná. Níbí ni mo fẹ́ ká jókòó sí díẹ̀.

Nǹkan bí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún iná tí Niger ń lò nígbà náà, ọ̀dọ̀ wa ló ti ń wá. Wáyà kan gba Birnin Kebbi wọ Niamey. A sì gé e. Nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé: iná wo? Àwa náà wá ní iná tí a lè gé lórí ẹnìkan? Bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín yìí gẹ́lẹ́ ni ìyàwó mi rẹ́rìn-ín, inú òkùnkùn sì ni àwa méjèèjì wà. Àmọ́ àdéhùn tó ti pẹ́ ni. Odò Ọya gba ilẹ̀ wọn kọjá kó tó dé Kainji. Bí àwọn àgbà ẹnjiníà wa ṣe máa ń sọ ọ́, à ń fún wọn níná, àwọn náà ò sì sé odò náà mọ́ wa lókè. Ní ọdún àìpẹ́ yìí ni wọ́n wá ń kọ́ ìsédò tiwọn ní Kandadji, kí wọ́n lè níná lọ́wọ́ ara wọn. Nígbà tí owó ò wọlé mọ́ nítorí ìjìyà tí a fi lé wọn lórí, ilé iṣẹ́ China tó ń kọ́ ọ dáwọ́ dúró ní August 2023. A gé iná, a tún dá ẹni tó ń wá iná tirẹ̀ dúró. Ẹ bá mi wá orúkọ fún un.

Ọ̀rẹ́ mi kan wà l'Abuja, amòfin ni, ẹ mọ irú wọn, aṣọ rẹ̀ kì í rún. Ó ní kò tó ẹni 1 nínú 5 tó níná nílé ní Niger, pé kí ni mo ń pariwo lé lórí. Mo ní, o ò mọ ẹni tí iná yẹn jẹ́ tirẹ̀. Fíríìjì tí wọ́n ń tọ́jú abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé sí ni. Yàrá ìgbẹ̀bí ni. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè ni. Ẹni tí kò níná nílé, iná tó wà nílé ìwòsàn náà ni tirẹ̀. Tchiani ní jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rẹ́ mi dákẹ́, ó pàṣẹ ọtí sí i. Àwọn amòfin kì í pẹ́ bọ́ nínú ọ̀fìn.

Ó dáa. Ohun tó gbé mi wá síbí lónìí gan-an, gbólóhùn kan ni. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi ti gbọ́ ọ tó ìgbà mẹ́wàá, ẹ fọwọ́ lérán.

Ní 9 January 2022, ECOWAS kan náà yìí fìyà jẹ Mali, nítorí pé àwọn ológun ibẹ̀ fẹ́ fa àkókò wọn gùn. Wọ́n ti ẹnubodè, wọ́n de owó, wọ́n dá òwò dúró bákan náà. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìpinnu náà pé ìdádúró òwò kò kan oúnjẹ àti kòṣeémánìí, kò kan oògùn àti irinṣẹ́ ìwòsàn, kò kan epo, kò kan iná mànàmáná. Ẹ gbọ́ èyí tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Iná mànàmáná! Wọ́n mọ̀ ọ́n. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ilẹ̀kùn kékeré kan ni, ó wà lára ògiri, aláìsàn lè gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí àwọn ológun àti àwọn olóṣèlú bá ń jà ní iwájú ilé.

Ọdún kan àbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nínú ìwé ti Niger, ilẹ̀kùn náà ò sí. Ẹ kà á. Mo ti kà á títí ojú fi ń ro mí. Wọ́n yọ gbólóhùn náà, wọ́n sì ka iná mọ́ ohun tí wọ́n ní kí a gé.

Ẹ má wá sọ fún mi pé nǹkan tuntun ni, pé ayé ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ní December 2022, Ìgbìmọ̀ Ààbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dìbò lórí ìpinnu 2664. Ohun tó sọ ni pé òfin tó de owó mọ́lẹ̀ lábẹ́ ìjìyà wọn kò gbọdọ̀ dí àwọn tó ń gbé ìrànlọ́wọ́ lọ fún aláìní lọ́wọ́. Orílẹ̀-èdè 14 fọwọ́ sí i, India nìkan ni kò dìbò. Ghana wà lára àwọn 14 yẹn. Ghana tiwa níbí, ọmọ ECOWAS. Ọwọ́ tó nà sókè ní New York nínú December, oṣù méje lẹ́yìn rẹ̀ ó wà lábẹ́ tábìlì ní Abuja.

Kí ló fà á? Mo ní èrò tèmi. Mali, Guinea, Burkina Faso lẹ́ẹ̀mejì nínú ọdún 2022 nìkan. Ológun ti ń gbàjọba lọ káàkiri, àwọn olórí tó pé jọ sí Abuja sì ń wo ẹ̀ṣọ́ tó dúró lẹ́yìn àga tiwọn. Ẹ̀rù ló kọ ìwé yẹn. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà kì í rántí ṣe ilẹ̀kùn sára ògiri.

Ẹ jẹ́ ká wo ẹni tí ògiri náà wó lù. Kí Tchiani tó gbé ìbọn rárá, àjọ WFP, àjọ tó ń pín oúnjẹ fún Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ti ka ènìyàn mílíọ̀nù 3.3 ní Niger tí kò rí oúnjẹ jẹ dáadáa. Oṣù August ni a ti ẹnubodè mọ́ wọn pa, ìgbà tí àká ti ṣófo, tí ọkà inú oko kò sì tíì gbó. Orílẹ̀-èdè tí kò ní etíkun ni. Ẹrù rẹ̀ ń gba èbúté Kútọnu, ó ń gun òkè lọ sí Malanville, ó ń gba afárá orí odò Ọya wọ Gaya. Mo ti gba afárá yẹn kọjá rí, kò fẹ̀ ju bí ọkọ̀ méjì ṣe lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lọ. Orí afárá yẹn ni ìwé Abuja ti sọ̀ kalẹ̀ sórí ilẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tò sí ìhà ti Benin, wọ́n tò títí ojú ò fi tó ìparí wọn. Ẹrù oúnjẹ àjọ WFP wà níbẹ̀, ẹrù oògùn wà níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ ń sùn lábẹ́ ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ń fi owó oúnjẹ wọn ra omi.

Kí wá làwọn ológun ṣe? Wọ́n fọ̀nà gba Burkina Faso. Nínú August kan náà, nǹkan bí 300 ọkọ̀ akẹ́rù wọ Niamey láti ibẹ̀, sójà ló ṣáájú, sójà ló kẹ́yìn. Àwọn ará ìlú jáde síta, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ẹni tí a fẹ́ fi ebi lé lọ ló wá di ẹni tó ń gbóúnjẹ wọ̀lú. Àwa la fi adé yẹn dé e lórí.

Ó tún kù. Nǹkan bí 200,000 ọmọ Nàìjíríà ni ogun ti lé wọ Niger nígbà náà. Àwọn tó sá fún Boko Haram láti Borno wà ní Diffa, àwọn tó sá fún agbébọn láti Katsina, Zamfara àti Sokoto wà ní Maradi. Ọmọ tiwa ni. Ilé àlejò ni wọ́n wà tí a fi gé iná àlejò.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní adìyẹ dà mí lóògùn nù, mo fọ́ ọ lẹ́yin. Ó kéré tán, ẹni tó pa òwe yẹn mọ adìyẹ tó ṣẹ̀ ẹ́. Tiwa, adìyẹ kan ló da oògùn nù ní Niamey, ẹyin adìyẹ mìíràn la lọ fọ́ ní Maradi.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀, alága, ìṣẹ́jú méjì. Kì í ṣe Abuja ló dá irú èyí sílẹ̀. Ogun Ìjàyè, 1860 sí 1862. Kí ló dá a sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ kó jọba. Kúrunmí, olórí Ìjàyè, ní Adélù kò gbọdọ̀ jẹ Aláàfin, pé àṣà ni kí Àrẹ̀mọ bá bàbá rẹ̀ kú. Ìbàdàn ní Ọ̀yọ́ ti fi jẹ, ó parí. Gbogbo wọn ló ń jà fún òfin, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn. Wọ́n dí ọ̀nà oúnjẹ Ìjàyè. Ta ni ebi pa? Àwọn ọmọdé tí àwọn oníwàásù òyìnbó ń ṣà jọ kó lọ sí Abẹ́òkúta. Tí mo bá ní ilé ìgbìmọ̀ ìgbà yẹn ì bá kọ gbólóhùn mi sínú ìwé, ẹ ó ní kò sí ìwé nígbà náà. Ní 2023, ìwé wà.

Alága ti ń fi aago hàn mí. Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sáré.

Ọ̀rọ̀ ogun: Ààrẹ kọ̀wé sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, àwọn sẹ́nétọ̀ ní kó lọ bá wọn sọ̀rọ̀, pàápàá àwọn ti àríwá tí ìdílé wọn wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnubodè. Àwọn tó ń ya ọfà sórí máàpù lórí tẹlifísọ̀n ká ọfà wọn nílẹ̀. Mali àti Burkina ní bí a bá gbógun ti Niger, àwọn la gbógun tì. Ní 16 September àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí àdéhùn ara wọn. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfríkà dá Niger dúró ní 22 August. Ilẹ̀ Yúróòpù dá owó ìrànwọ́ dúró. Ìjọba ológun gé ìdá 40 kúrò nínú ètò ìnáwó ọdún náà, ẹ má bi mí bóyá bárékè ni wọ́n ti gé e. Àwọn sójà Faransé, nǹkan bí 1,500, jáde tán ní December. Àwọn Amẹ́ríkà tẹ̀lé wọn lọ ní ọdún 2024, wọ́n fi ibùdó wọn ní Agadez sílẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi àsíá Rọ́ṣíà jó ní Niamey rò pé àwọn bọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá. Èmi rò pé wọ́n pààrọ̀ ọ̀gá ni, ṣùgbọ́n ìyẹn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mìíràn ni.

January 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láwọn ń fi ECOWAS sílẹ̀. Ọ̀gágun Gowon, tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1975, jáde bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n mú ìjìyà náà kúrò. Ní 24 February, wọ́n mú un kúrò. Ẹ gbọ́ ìdí tí wọ́n sọ: àánú ọmọnìyàn ni, àti pé ìgbà ààwẹ̀ Lẹ́ńtì ni, Ràmàdáánì náà sì ń bọ̀. Ẹ̀yin èèyàn mi! Ààwẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù méje ti wà nílẹ̀ kí Lẹ́ńtì tó wọlé. Ta ló kà á?

Mo fẹ́ parí síbẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá kan dìde láàárín gbọ̀ngàn kí alága tó pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, wọ́n wọ fìlà abetí ajá. Wọn ò dúró de gbohùngbohùn. Mo kọ ọ̀rọ̀ wọn bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣeun. Ní 1994, nígbà tí Abacha ti MKO mọ́lé, ṣé ẹ rántí ohun tí à ń wí? À ń bẹ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà pé kí wọ́n má ra epo wa mọ́. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ọ̀dọ́ ni yín, ẹ gbé pátákó lọ́wọ́. Ṣé à ń ṣìnà nígbà yẹn ni, àbí ìyà tó tọ́ sí Abacha ni kò tọ́ sí Tchiani?"

Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Mo mu omi. Òótọ́ ni, mo gbé pátákó.

Mo dáhùn pé nǹkan méjì ló yàtọ̀. Àkọ́kọ́, owó epo ń bọ́ sápò Abacha tààrà. Ọkọ̀ oògùn tó dúró ní Malanville kì í ṣe àpò ẹnikẹ́ni. Wọn ò sì fọwọ́ kan epo yẹn rí o. Kódà nígbà tí wọ́n pokùn so Ken Saro-Wiwa ní November 1995, Commonwealth dá wa dúró, àwọn mìíràn fi físà du àwọn ọ̀gá ológun, wọn ò ta ìbọn fún wa mọ́. Epo ń ṣàn lọ. Ẹ wò ó bí nǹkan ṣe rí: níbi tí ìyà ti lè dun ológun, wọ́n yẹra, níbi tó ti dun aláìsàn, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ẹlẹ́ẹ̀kejì, àwa la bẹ̀bẹ̀ fún ìyà yẹn fúnra wa. Frank Kokori, akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ epo, àti àwọn èèyàn rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀ ní July 1994, wọ́n mọ̀ pé àwọn àti ọmọ àwọn ni ebi ó kọ́kọ́ pa. Ta ló bi ìyá tó wà ní Maradi léèrè?

Bàbá ò tíì jókòó. "Bazoum ńkọ́? Nínú àhámọ́ ló ti kọ̀wé sí ìwé ìròyìn Amẹ́ríkà ní August, ó ní kí ayé gba àwọn. Òun ni wọ́n dìbò yàn. Ta lẹ tún fẹ́ kó sọ̀rọ̀ fún wọn?"

Mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fi hàn bẹ́ẹ̀. Bàbá mú mi. Bazoum bẹ̀bẹ̀ lóòótọ́. Nínú ìwé kan náà ló ti sọ pé owó ìrẹsì ti ń gun òkè láàárín ọjọ́ mélòó kan, síbẹ̀ ó ní kí ayé ran àwọn lọ́wọ́. Ìròyìn tó ń jáde nígbà náà ní òun àti ìyàwó pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ò níná níbi tí wọ́n tì wọ́n mọ́, pé ìrẹsì gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ. Nítorí náà mi ò lè sọ pé kò mọ ohun tó ń béèrè. Mo ní, Bàbá, mo fún yín ní ìdajì. Kí wọ́n de owó ìjọba mọ́lẹ̀, mo gbà. Kí wọ́n má jẹ́ kí Tchiani àti àwọn ìdílé ọ̀gá ológun wọkọ̀ òfuurufú, mo gbà, ó wà nínú ìwé náà, kò sì burú. Kí òwò dúró pàápàá, mo lè jókòó kí n gbọ́. Àmọ́ kí wọ́n da gbólóhùn Mali kọ. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú ilé ìkówèésí wọn ní Abuja, kò gba ju ìlà mẹ́ta lọ.

"Ṣé gbólóhùn Mali yẹn lé ológun lọ ní Bamako?"

Rárá. Wọ́n mú ìjìyà kúrò lórí Mali ní July 2022 nítorí pé àwọn ológun dá ìgbà ìbò. February 2024 ni wọ́n dá. Kí ó tó dé ni wọ́n ti sún un síwájú. Ti Niger náà ò lé ẹnikẹ́ni lọ. Ní March 2025, Tchiani búra fún ọdún márùn-ún mìíràn. Nígbà tí àwa ṣí ẹnubodè tiwa ní March 2024, òun kọ̀, kò ṣí ti Benin. Afárá Malanville tí a tì mọ́ ọn, òun náà wá tì í láti inú.

Bákan náà ni wọ́n kùnà, Bàbá. Ní Mali, ọkọ̀ oògùn kọjá.

Bàbá ní àwọn ṣì ní ìbéèrè kan. Alága ti dìde, ọmọkùnrin oní-jẹnẹrétọ̀ sì ti ń yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ ṣe àmì pé epo ti fẹ́ tán.